Etí Ìró àti Gàrí Tí A Ti Yan

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe gàrí tà, bí oníbàárà bá rí irun kan ṣoṣo nínú gàrí, kò ní í bèèrè bí ẹ ti fọ ẹ̀gẹ́ sí. Yóò da gàrí náà nù ni. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ irun. N kò ní kí a má sọ ọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, etí ìró léwu ju irun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ. Ìdọ̀tí tí ó bá ti ara aṣọ bọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tútù ṣì ń bọ̀ wá kan iná, ooru agbada a sì máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Lẹ́yìn yíyan ni ewu gidi wà. Nígbà tí a bá tẹ́ gàrí kí ó tutù, tí a ń sẹ́ ẹ, tí a ń dì í sínú àpò, kò tún sí iná níwájú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí yóò fi omi tútù mu ún yóò mu ohun gbogbo tí ó bá wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìró tí a fi jókòó ti òkìtì èèpo láàárọ̀, tí a fi nu ọwọ́ àti òógùn ojú, òun náà ni ó ń gbá ẹ̀gbẹ́ asẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Staphylococcus aureus. Ó ń gbé inú imú àti ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le, ó sì wọ́pọ̀ nínú éèwo. Kì í lè bí sí i nínú gàrí gbígbẹ. Ìlànà Codex fún gàrí ní kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n gàrí tí ó tutù lè gbà á láyè, bí ó bá sì ti tu májèlé sílẹ̀, sísè kì í sábà pa májèlé náà run.

Ní ti orí, gèlè tàbí fìlà tí ó bo irun tán ti tó. Ẹ má fi pínnì dì í, nítorí pínnì nínú àpò gàrí burú ju irun lọ fún ẹni tí ó bá gbé e mì. Ẹ̀yin ọkùnrin onírùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò ní owó aṣọ kò sí. Aṣọ funfun ti ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ni mo ń wí. Aṣọ àtijọ́ kan tí kò ní bọ́tìnnì, tí a ń fi ọṣẹ fọ̀ lójoojúmọ́, tí a sì ń sá sí oòrùn, tó bẹ́ẹ̀. Kí a fi í kọ́ lẹ́bàá asẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́ dé ìdí èèpo.