ÀBÀJÀ ÌYÁ ÀGBÀ KÌ Í ṢE ÀBÀWỌ́N!



Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀ ni mo gbé fún onífọ́tò oníkọ̀ǹpútà kan. Ojú ló kọ́kọ́ nù, ó bá nu àbàjà màmá dànù! Ó sì ti fi tuntun pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ ṣe ẹ̀dà ná. Ẹ gé etí tí ẹ ò fẹ́: télọ̀ kì í ṣe ọnà sára ibi tó máa gé sọnù. Ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, kó tó kan àwọ̀. Ìgbà náà lẹ tó nu àbàwọ́n. Tẹ́ ẹ bá ti mọ bó ṣe máa tóbi tó, ẹ wá mú un là ketekete, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ gba ti àkọ́kọ́ yín kẹ́ ẹ tó sanwó o!