Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Rìn Kó Tó Dé Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ìmọ̀ràn tí olóòtú ètò ìlera kan lórí rédíò fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pé kí ẹni tó bá ń retí iṣẹ́ abẹ ìfun lọ dùbúlẹ̀ kó lè tọ́jú agbára pamọ́ de ọjọ́ náà, ló dá ojú ìwé yìí padà sídìí ìjà tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ti mọ̀ mọ́ ọn, èyíinì ìjà pẹ̀lú "ẹ sáà sinmi". Apá méjì ni àlàyé náà yóò ní: ohun tí ìwádìí fi hàn àti ohun tí aláìsàn lè ṣe.

Iṣẹ́ abẹ ìfun ńlá, tí wọ́n sábà máa ń ṣe nítorí àrùn jẹjẹrẹ, a máa gba agbára púpọ̀ lára aláìsàn, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ìfun tí wọ́n sì so ó padà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní láti ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara a sì máa fa èròjà tí yóò fi wo ojú ọgbẹ́ sàn láti inú iṣan. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti joro lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ni ara rẹ̀ yóò rí fà? Ìdí nìyí tí Francesco Carli, dókítà onímọ̀ oògùn akunilóorun ní Yunifásítì McGill ní Montreal, orílẹ̀-èdè Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹpẹlẹ mọ́ ìpalẹ̀mọ́ ara, ìyẹn ni eré ìdárayá, oúnjẹ tó ní èròjà pùrótéènì bíi ti ẹyin, ẹja àti wàrà, pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2014, wọ́n pín aláìsàn 77 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ náà ṣáájú, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Òṣùwọ̀n wọn kò le rárá, nítorí ṣe ni aláìsàn ń rìn lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú 6, tí wọ́n sì ń wọn iye mítà tó rìn. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ ti fi nǹkan bí mítà 25 kún ìrìn wọn, àwọn tó ń dúró lásán sì ti pàdánù nǹkan bí mítà 16. Kí òǹkàwé fi ojú sí mítà 16 yẹn dáadáa, torí òun ni èrè ìsinmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 8 pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó palẹ̀ mọ́ ló ti padà sí agbára wọn àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé 62 ni ti àwọn kejì.

Apá kejì, ìyẹn ohun tí aláìsàn lè ṣe, kò gba owó: ìrìn ẹsẹ̀ ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, níbi tí wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan wé ìrìn ẹsẹ̀ àti ìdánrawò mímí, àwọn tó ń rìn ni agbára ìrìn tiwọn gbèrú jù, èyí tó ya àwọn olùwádìí pàápàá lẹ́nu.

Ìyá kan wà nínú ẹbí òǹkọ̀wé yìí, oníṣòwò èlùbọ́, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun lórí ibùsùn. Ọjọ́ tí dókítà dárúkọ iṣẹ́ abẹ ni àwọn ọmọ rẹ̀ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé póò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó má baà rìn dé ilé ìtọ̀, tí wọ́n sì ń gbé àmàlà bá a nínú yàrá, débi pé nígbà tí ọjọ́ pé, ènìyàn méjì ló dì í mú sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n pè é, ta ló sì lè bá ìfẹ́ jà nínú ẹbí!

Ohun tó dunni jù ni pé àyè wà láti palẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa ló ń pe ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n ń mu àgbo sí i títí ọ̀rọ̀ fi ń pẹ́, ìgbà tí wọ́n bá sì dé ilé ìwòsàn tán, ẹbí tún ní láti kó owó jọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń wá owó kiri yẹn, aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan yóò tọ́ka sí ìwádìí Montreal ti 2020 lórí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, èyí tí kò rí i pé ìpalẹ̀mọ́ dín ìṣòro ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ kù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 2023 lórí aláìsàn 251 rí i pé ìṣòro ńlá dín kù láti nǹkan bí ìdá 30 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó ní kí aláìsàn lọ dùbúlẹ̀.

Ẹni tí ìfun rẹ̀ dí pátápátá kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n bá ti fún ní ọjọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bí ìrìn tí ọkàn rẹ̀ lè gbà ṣe pọ̀ tó, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá a rìn ín.