Àbùlà Oògùn Apakòkòrò Ń Kọ́ Bakitéríà Ní Ọgbọ́n Ìjà

Òórùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ilé ìwòsàn tó mọ́ tónítóní mọ̀. Bí aláìsàn bá wọ yàrá ìtọ́jú láàárọ̀ ní ìlú Àbújá, tí òórùn Izal tàbí ti klorínì sì kọlu imú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀ pé kòkòrò àrùn ti kú. Ṣùgbọ́n òórùn kì í ṣe ìwọ̀n. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n bu omi là kọjá bó ti yẹ ṣì lè máa rùn gan-an, síbẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn aláìlágbára nìkan ló pa nínú àwọn bakitéríà tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù ni wàhálà, nítorí àwọn ni yóò máa bí sí i.

Bakitéríà kì í jókòó lásán de ikú. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pseudomonas ní awọ kan lóde awọ ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí oògùn tètè wọlé. Wọ́n tilẹ̀ ti bá a rí níbi tó ti ń gbé inú ìgò oògùn apakòkòrò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bakitéríà tún ní ohun èlò kan lára awọ wọn tó ń ti májèlé jáde bó ti ń wọlé, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tó ń jò. Bí omi bá ya wọlé lójijì, ọkọ̀ náà yóò rì. Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ọlọ́kọ̀ yóò gbọ́n ọn títí yóò fi gúnlẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ewu àbùlà wà: ó ń fún bakitéríà láyè láti gbọ́n oògùn dànù. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́n jù ni yóò yè, tí yóò sì pọ̀ sí i. Wọ́n sì lawọ́ sí ara wọn. Àbùdá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè ti ara ọ̀kan bọ́ sára òmíràn tí kì í ṣe ìran rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú àbùdá tí kì í jẹ́ kí áńtíbáyótíìkì ràn wọ́n mọ́.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ojú lásán lè rí. Ohun tó máa ń yọ̀ lára inú tánkì omi, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ìlú bakitéríà ni, ohun tó ń yọ̀ náà sì ni odi tí wọ́n mọ yí ara wọn ká. Oògùn tí wọ́n bá dà lé e lórí yóò pa àwọn ará òde, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò ní mọ̀ pé ogun dé. Ìdí nìyí tí ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú oògùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Àbújá gbọ̀ngbọ̀n. Láàárín ọdún 2015 sí 2017, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní BARNARDS lórí bakitéríà tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun ní orílẹ̀-èdè méje. Ilé ìwòsàn National Hospital àti ti Wuse ní Àbújá wà lára àwọn tó kópa, pẹ̀lú òmíràn ní Kánò. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ó hàn pé Klebsiella pneumoniae ló ń ṣe àwọn ìkókó náà lọ́ṣẹ́ jù lọ káàkiri orílẹ̀-èdè méjèèje, àti pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni àwọn áńtíbáyótíìkì tí dókítà kọ́kọ́ máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ràn mọ́.

Ìwádìí yẹn kò dá lórí oògùn apakòkòrò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú Klebsiella yìí kan náà, wọ́n sì ń fi oògùn apakòkòrò chlorhexidine kàn án díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó mọ́ ọn lára, wọ́n rí i pé colistin pẹ̀lú kò ran ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Colistin yìí ni oníṣègùn máa ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà. Chlorhexidine sì ni Nàìjíríà yàn láti máa fi tọ́jú ìwọ́ ọmọ tuntun, gẹ́gẹ́ bí gẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.1%. Kí ìyá kankan má ṣe torí èyí sá fún gẹ́ẹ̀lì náà o, nítorí agbára rẹ̀ tó, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Chlorhexidine tí wọ́n fi omi pa kú sínú korobá ni kí wọ́n máa bẹ̀rù.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń kíyè sí irú nǹkan báyìí. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2016, Amẹ́ríkà fòfin de èròjà 19, triclosan wà lára wọn, nínú ọṣẹ ìfọwọ́ tí wọ́n ń polówó pé ó ń pa kòkòrò. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, jábọ̀ pé Enterococcus faecium tí wọ́n kó ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọdún 2010 ń fara da ọtí inú sanitáísà ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ.

Ní Nàìjíríà, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ẹni 64,500 ni àrùn tí oògùn kò ràn mọ́ pa ní ọdún 2019 nìkan. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò àkọ́kọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2017, ìkejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 2024. Ní oṣù Bélú ọdún 2024 kan náà, ní ìlú Jeddah, wọ́n kéde pé Nàìjíríà ni yóò gbàlejò ìpàdé àgbáyé àwọn mínísítà lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2026. Iṣẹ́ tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n áńtíbáyótíìkì ni orúkọ rẹ̀ máa ń dún jù nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Korobá ìnulẹ̀ kì í sábà rí ìjókòó níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀wọ́n gógó ló fà á tí wọ́n fi ń bu omi lé omi. Òótọ́ ni pé oògùn apakòkòrò ti wọ́n. Síbẹ̀, oògùn tí wọ́n bù là tí kò ṣiṣẹ́ ni owó rẹ̀ ṣòfò jù. Kò sì tọ́ kí wọ́n di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ tó ń nulẹ̀. Ẹni tó gbé korobá fún un láìfún un ní ife ìwọ̀n, tí kò sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń po ó, ni kí wọ́n bi léèrè. Ó yẹ kí àjọ NAFDAC pẹ̀lú túbọ̀ fojú sí àwọn oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi ọlọ́rá tà lójú pópó, láìsí àkọlé tó sọ agbára wọn. Báwo ni olùrà yóò ti mọ ìwọ̀n omi tó yẹ kó fi sí ohun tí kò mọ agbára rẹ̀?

Fún klorínì olómi tí àkọlé rẹ̀ bá sọ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ife kan sí omi ife mẹ́sàn-án ni yóò fúnni ní 0.5% tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n máa lò síbi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí. Kí wọ́n kọ́kọ́ nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí oògùn náà dúró lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí àkọlé ìgò sọ, kí wọ́n tó nù ún. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nírọ̀lẹ́, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n po òmíràn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.