Ṣé Íápíìsì Ọmọ Yín Ní Bíréèkì?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àgbà wa ní Alímọ̀ṣọ́, nọ́ọ̀sì yín ni o. Ọ̀rọ̀ etí ni mo mú wá lónìí.

Bí ọmọ bá ki íápíìsì bọ etí, tí a pè é títí tí kò dáhùn, ọmọ náà la máa ń bá wí. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà kì í ṣe tọmọ nìkan. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ní tirẹ̀ níbẹ̀, àwa tí a rà á sì ní tiwa.

Ohun kékeré kan wà nínú fóònù tí wọ́n ń pè ní amplifier. Òun ló ń fún ohùn lágbára kó tó dé etí. Ẹni tó ṣe é ló ń pinnu ibi tí agbára náà máa dé: ó lè fi bíréèkì sí i, ó sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù, ìlànà wà pé kí fóònù kìlọ̀ bí ohùn bá fẹ́ kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85, kó má sì kọjá 100. Àwa ńkọ́? Bí a bá dé ọjà Ìkọ̀tún, iye owó àti “ṣé ó ń dún dáadáa?” la máa ń béèrè.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ohùn tó wà ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80, àgbàlagbà lè gbọ́ ọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ìdí ni pé bí a bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 10 kún ohùn, agbára rẹ̀ di ìlọ́po 10. Àwọn irun tín-ín-tín inú etí tó ń gba ohùn, bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́.

Nínú danfo tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọmọ á gbé ohùn sókè kó lè borí ariwo. Nítorí náà, íápíìsì tó dí etí dáadáa sàn ju èyí tó kàn ń pariwo lọ. Ṣùgbọ́n kó yọ ọ́ kó tó sọdá títì o.

Ẹ̀yin àgbà, ó kàn yín náà. Ọ̀pọ̀ ohun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà pé ó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀, gbogbo ariwo ló ń gbé sókè pọ̀. Ojúlówó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ etí yín wò, wọ́n á wá tò ó sí ìwọ̀n yín. Ẹ má fi owó àti etí yín ṣòfò.

Lálẹ́ òní, ẹ gba fóònù ọmọ yín. Lórí Samsung, ẹ wá “Media volume limit” níbi ètò ohùn. Lórí iPhone, ẹ wá “Headphone Safety”. Ẹ fi bíréèkì sí i. Ẹni tó bá ní etí òun ń hó, tàbí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgàndò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ro epo gbígbóná sí i létí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.