Ìsinmi Nínú Ọ̀dàn: Bí A Ti Ń Múra Láti Lọ Wo Ẹranko

 Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni a ó jọ sọ nínú oṣù yìí, pàápàá pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ wà ní Atosin àti ní àwọn abúlé oníkòkó mìíràn ní agbègbè Ìdànrè. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Ọmọ tí a bí sáàárín òkè àti igi kòkó mọ erin nínú oríkì, ó mọ ẹfọ̀n nínú ìtàn àwọn ọdẹ, ó sì mọ ẹran ìgbẹ́ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Kò tíì rí wọn láàyè kí wọ́n máa jẹ̀ lórí ilẹ̀ tiwọn.

Nínú igbó bíi tiwa, ẹranko lè wà nítòsí ènìyàn kí a má rí i. Ọ̀dàn kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko ni ó pọ̀ níbẹ̀, àwọn igi jìnnà síra wọn, ojú sì ń ríran jìnnà. Ibi méjì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí.

Èkíní ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo, ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Oríṣiríṣi àgbọ̀nrín, ìmàdò, ọ̀bọ àti ìnàkí ń gbé ibẹ̀. Inú rẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ láàárín 1830 sí 1839. Èkejì ni Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 1962, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ti ń bójú tó láti 2006. Níbẹ̀ ni erin pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà, wọ́n tó bí 100. Ìsun omi Wikki wà níbẹ̀ pẹ̀lú, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tọ̀sán-tòru, tọmọdé-tàgbà sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Bí àwọn ọmọ yín bá kéré, ẹ yan Old Oyo, nítorí ilẹ̀ Bauchi jìnnà. Ọ̀nà Lọ́kọ́ja, Abuja àti Jos ni ẹni tí ó bá gba ojú títì yóò tọ̀, kò sì yẹ kí ìdílé kankan fi ọjọ́ kan rìn ín. Ṣùgbọ́n bí Old Oyo ni ẹ ó lọ, ẹ má ṣe ṣèlérí erin fún ọmọ. Ẹ sọ fún un pé inú igbó ni ẹranko wà, kì í ṣe inú àhámọ́ bíi ti ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tí ó bá jáde ni a ó rí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù. Bí òjò bá ti dá, koríko a gbẹ, àwọn omi kéékèèké a sì tán, ẹranko yóò wá máa kóra jọ sí etí odò tí omi ṣẹ́kù sí. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ọyẹ́ ń mú, iṣẹ́ kòkó sì ń bẹ nílẹ̀. Nítorí náà ìsinmi Àjíǹde, ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, ni mo yàn fún yín.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Owó kòkó ti wọlé kí ọdún tó parí, ìrìn-àjò sì di Àjíǹde. Oṣù mẹ́ta gbáko ni owó náà yóò fi jókòó, láàárín rẹ̀ aṣọ ẹbí yóò dé, ìnáwó àna yóò yọjú, owó ilé-ìwé sáà kejì yóò sì bọ́ sí i. Owó tí ó bá wà nínú àpótí kò ní rí Àjíǹde. Ẹ bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín dá àjọ, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ pé kí kíkó yín bọ́ sí oṣù kẹta, tàbí kí ẹ fi owó náà sí báńkì lọ́tọ̀.

Ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú baálé ilé ní ọjọ́ tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òṣùwọ̀n bọ̀, nígbà tí gbèsè oògùn kòkó àti owó àwọn alágbàṣe ń dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí ara rọ̀ ọ́, kí ẹ wá mú ìwé jáde, kí ẹ jọ kọ iye owó ọkọ̀, owó ìwọlé, ibùsùn, amọ̀nà, oúnjẹ àti oògùn. Owó ilé-ìwé sáà kẹta kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò náà, nítorí ìsinmi tí a fi owó ìwé ọmọ ṣe, ẹkún ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ sì ya oúnjẹ alẹ́ kan, ó kéré tán, sí èyí tí a ó rà jẹ. Ìyàwó tí ó rin ìrìn-àjò tó bẹ́ẹ̀ lọ dáná kò tíì sinmi.

Ní ti ẹrù, ẹ mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ibà tí nọ́ọ̀sì yín bá fọwọ́ sí, omi mímu tí ó pọ̀, àti aṣọ alápá gígùn. Ẹ yẹra fún aṣọ búlúù àti dúdú, nítorí àwọ̀ méjèèjì máa ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, ó sì máa ń buni jẹ. Ọmọ ọwọ́ kì í dákẹ́ nígbà tí a bá ní kí ó dákẹ́. Bí ìyá àgbà bá wà nílé tí ọmọ sì ti gba ọmú lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Kí aboyún gba àṣẹ lọ́wọ́ agbẹ̀bí rẹ̀ kí ó tó gbéra.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko ń jáde. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé amọ̀nà ní kí ẹ sọ̀. Ẹ má fún ẹranko ní oúnjẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ pariwo bí erin tí ó lọ́mọ lẹ́yìn bá wà nítòsí, nítorí abiyamọ ni òun náà. Ní Wikki, ẹ ti fèrèsé yàrá àti ti ọkọ̀ dáadáa, nítorí ìnàkí ibẹ̀ mọ ibi tí búrẹ́dì wà ju ẹni tí ó rà á lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ọgbà náà bí ọ̀nà ti rí àti bí wọ́n bá ń gba àlejò. Ẹ má rin òru. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Owó tí a tọ́jú kò bàjẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn yóò sì dé.

Nísinsìnyí ńkọ́? Ẹ mú àwọn ọmọ gun Òkè Ìdànrè ní ọjọ́ Sátidé kan. Àtẹ̀gùn 660 náà yóò fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á hàn yín, yóò sì fi ẹni tí ó máa ń sunkún lójú ọ̀nà hàn yín. Ẹ fi aàfin àtijọ́ hàn wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń wo ilẹ̀ baba rẹ̀ yóò mọ ohun tí yóò wò nínú ọ̀dàn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí owó àjọ pé. Ó di oṣù tí ń bọ̀.