Ohun tí wọ́n fi ń ṣeré l'Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni nílẹ̀ yìí: Kí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìbọn

Bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan bá ra mọ́tò Tòkunbọ̀, tó pààrọ̀ táyà rẹ̀, tó kùn ún ní ọ̀dà mìíràn, tó sì gbé ẹ̀rọ orin olóhùn gooro sínú rẹ̀, àwọn ará àdúgbò yóò kan sáárá sí i ni. Owó rẹ̀ ló ná, ohun tó wù ú ló fi ṣe. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, irú eré bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ìbọn ṣe. Wọn yóò ra ìbọn tuntun, wọn yóò tú u palẹ̀ lórí tábìlì, wọn yóò yọ ìdí rẹ̀ kúrò láti fi òmíràn sí i, wọn yóò gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú lé e lórí, wọn yóò sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dánra wò lópin ọ̀sẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n fẹ́ràn jù fún eré yìí ni AR-15. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eugene Stoner ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé-iṣẹ́ ArmaLite láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tó sì di ọdún 1964, ilé-iṣẹ́ Colt ti ń tà á fún aráàlú. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ni. Bí ẹni tó mú un bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, agbára ìbúgbàù náà ni yóò ju ìkarahun ọta síta, tí yóò sì jẹ́ kí ọta mìíràn bọ́ sáyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí ìka bá fà á, ọta kan ni yóò jáde, ṣùgbọ́n kò sí pé ẹnikẹ́ni ń dúró ki ẹ̀tù. Ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tò pa dà, ìdí nìyí tó fi di ààyò àwọn tó fẹ́ràn àtúnṣe.

Àwòrán irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dé Èkó mọ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní Houston, àbúrò wà ní Ìdúmọ̀tà, fóònù sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, àbúrò rí i, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ibẹ̀ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí fọ́tò náà kò fi hàn pọ̀ ju èyí tó fi hàn lọ.

Ìwé ló wà lẹ́yìn ìbọn yẹn

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ l'Amẹ́ríkà yóò kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù ìjọba tí wọ́n ń pè ní 4473, wọn yóò sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ FBI ti ń lò fún iṣẹ́ náà láti oṣù kọkànlá ọdún 1998. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn ńlá kò gbọdọ̀ rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wọ ìlú wọn pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, àyàfi tó bá bọ́ sínú àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ọmọ Yorùbá tó ń kàwé lọ́hùn-ún, tó ń yá ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò lópin ọ̀sẹ̀, lè ti rú òfin láìmọ̀. Èyí tó sì kan Èkó jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jáde kúrò l'Amẹ́ríkà wá sí Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba wọn.

Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn náà, ojú àwọn Amẹ́ríkà ti rí màbo. Irú ìbọn yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé wọ ilé-ìwé Sandy Hook lóṣù kejìlá ọdún 2012, tó fi pa ọmọdé 20 àti àgbà 6. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi pa ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ní Uvalde lóṣù karùn-ún ọdún 2022. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò dúró kó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa èèyàn 16 ní Hungerford lọ́dún 1987, wọ́n ṣòfin lọ́dún 1988 tó gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ aráàlú.

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Òfin ìbọn ọdún 1959 ni Nàìjíríà ń lò, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́ gbogbo, àti ìbọn ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 7.62 mm, 9 mm tàbí .300 íǹṣì. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ọdẹ tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá lè fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹta ni ìbọn ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́ kejì yìí, òfin yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ kúrò bó bá jẹ́ èyí tó ń ki ara rẹ̀, tàbí èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta sí i. Ìdí nìyẹn tí pump-action fi jẹ́ èèwọ̀.

Òfin náà kò dúró lórí níní ìbọn nìkan. Ó ka ṣíṣe ìbọn, títò ó pọ̀ àti títún un ṣe léèwọ̀ láìsí àṣẹ ìjọba. Ohun tí ará Houston ń fi ọjọ́ Sátidé gbádùn lórí tábìlì rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ará Ìdúmọ̀tà, ì báà má tilẹ̀ yin ọta kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá lábẹ́ òfin 1959.

Àmọ́ àlàfo wà níbẹ̀. Òfin mìíràn tó wà fún ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tó ní ìbọn lọ́nà àìtọ́ yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà! Owó tí kò ra ààbọ̀ àpò ìrẹsì mọ́ ni wọ́n gbé sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá nínú ayé ọmọ èèyàn. Ta ni yóò san owó, ta sì ni yóò lọ sẹ́wọ̀n? Ẹni tó mọ Èkó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni

Kì í ṣe òní ni ìbọn ti di ọ̀rọ̀ l'Ékòó. Lóṣù kọkànlá ọdún 1851, ìbọn àwọn ọmọ ogun Ọba Kòsọ́kọ́ ló lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa dà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé àgbá ńlá wá, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ló ń ra ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sójú ogun, nígbà tó jẹ́ pé ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn.

Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1890, àwọn òyìnbó péjọ ní Brussels, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n má ta ìbọn tuntun fún apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Èyí tó ti gbó nìkan ni wọ́n gbà kí aláwọ̀ dúdú ní. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òfin 1959 yóò rí òjìji ọdún 1890 nínú rẹ̀: bí ìbọn bá ṣe jẹ́ ti ayé àtijọ́ tó ni àṣẹ rẹ̀ ṣe rọrùn tó. Ẹ̀rù ara wọn ló ba àwọn òyìnbó nígbà náà. Lónìí, ọmọ tiwa ni ọta ń bà.

Ẹnubodè ni iṣẹ́ wà

Ṣé òfin ti wá dí ọ̀nà ìbọn bí? Lóṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba pump-action 661 nínú kọ̀ntẹ́nà kan l'Ékòó. Lóṣù karùn-ún, wọ́n tún gba 440. Lóṣù kẹsàn-án, wọ́n gba 1,100, lẹ́yìn náà 470. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,671 lọ́dún kan ṣoṣo, èyí tí ọwọ́ bà nìkan sì nìyẹn. Lóṣù keje ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn gba ìbọn 844 àti ọta 112,500 ní èbúté Onne. Àwọn tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé kì í ṣe eléré. Òǹtajà ni wọ́n, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún. Àwọn ìyá tó ń sáré ti ilẹ̀kùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí àwọn ọmọ ìta bá doro ìbọn kọ ara wọn náà mọ̀ ọ́n.

Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2006 ti ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìbọn orí kọ̀ǹpútà, ìjọba Nàìjíríà sì dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́dún 2021 láti máa bójú tó ìbọn kéékèèké. Ohun tó kù ni pé kí nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀, kí àyẹ̀wò èbúté má ṣeé fowó yẹ̀, kí àwọn aṣòfin sì pa owó ìtànràn yẹ̀yẹ́ yẹn rẹ́. Láìsí èyí, ẹni tó ń bẹ̀rù òfin nìkan ni òfin yóò máa mú.

Kó tó dìgbà náà, kí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun ronú dáadáa kó tó fi ohunkóhun pa mọ́ sínú mọ́tò tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Bí àṣírí bá tú ní Tin Can, ẹ̀gbọ́n yóò wà ní Houston. Àbúrò ni wọn yóò wá mú ní Ìdúmọ̀tà, nítorí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ẹrù.