Mo Rẹ Yo-yo Mi Láró, Mo Kọ́gbọ́n

Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ti sọ fún gbogbo ayé pé mo ń se yo-yo jẹ. Òótọ́ ni pé mo gbé yo-yo sínú ìkòkò lórí sítóófù, àmọ́ aró ni mo ń rẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi.

Àbúrò bàbá mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi yo-yo funfun méjì ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìgò aró búlúù kan. Aró tí wọ́n ṣe fún aṣọ poliẹ́sítà ni. Bí omi bá gbóná dáadáa, aró poliẹ́sítà á wọ inú nylon tàbí Delrin lọ. Ó fi dára ju ọ̀dà lọ nìyẹn: bí yo-yo bá forí gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dà á bó, aró kò ní bó.

Mo ba èyí àkọ́kọ́ jẹ́. Ìràwọ̀ funfun ni mo fẹ́ kó wà láàárín búlúù. Mo fi abẹ gé sítíkà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò nu ọ̀rá ìka mi kúrò lára ike, n kò sì tẹ etí sítíkà mọ́lẹ̀. Mo tún jẹ́ kí omi hó gidigidi. Aró gba abẹ́ sítíkà wọlé, ìràwọ̀ dàrú. Ike náà tẹ̀, bó bá ń yí, ṣe ló ń gbọ̀n.

Nígbà tí mo délé l'Ábẹ́òkúta, mo fi han màmá àgbà, tó fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tọ́ bàbá mi. Wọn ò béèrè irú aró tí mo lò. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Kí lo fi dí i?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aró ò ṣòro. Ibi tí o ò fẹ́ kí aró dé, ibẹ̀ niṣẹ́ wà." Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ, tí wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ inú aró. Wọ́n fa aṣọ Ìbàdàndùn kan yọ nínú àpótí, wọ́n fi àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára rẹ̀ hàn mí.

Òpó yẹn ni mo gé fún yo-yo kejì. Etí rẹ̀ tó gún régé kì í tètè ṣí bíi ṣóńṣó ìràwọ̀. Mo tú yo-yo sí méjì, mo yọ bíárìn àti irin àárín, mo fọ ike, mo nù ún gbẹ, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ sítíkà. Mo dín iná kù kí omi má bàa hó. Nígbà tí mo ṣí sítíkà, òpó mẹ́rin ló funfun kedere.

Èrò mi nìyí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ project lórí àdìrẹ, a ń wá ìwé kiri, nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jókòó sílé wa. Ọwọ́ màmá àgbà ti ń gbọ̀n báyìí. Nínú ọmọ méje tí wọ́n bí, kò sí ẹyọ kan tó kọ́ ọ. Èmi gan-an, ọpẹ́lọpẹ́ nǹkan ìṣeré tó bà jẹ́ ni mo fi béèrè.

Ìsinmi ń bọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó béèrè owó. Ẹ̀yin ará yàrá mi, ìkòkò tí mo fi rẹ aró kò ní padà sídìí ọbẹ̀ mọ́. Màá ra òmíràn.